Ẹni Tó Ń Ta Yìnyín ní Kàbà

Fírísà mẹ́rin ni mo ní ní Kàbà,
nítòsí ibi tí ọkọ̀ Ọ̀bàjànà ti ń dúró kó èrò.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ta yìnyín
fún ẹlẹ́ja, fún ọmọ tó ń kiri kúnnú,
fún ẹni tí òkú sùn sílé rẹ̀ di ọjọ́ kejì.
Mo mọ yìnyín bí ẹní mọ onígbèsè:
bó o bá gbójú kúrò lára rẹ̀ pẹ́rẹ́n, ó ti sá lọ.
Iná ọba á lọ ní ọjọ́ Ẹtì,
kó tó di ọjọ́ Àìkú
èrè mi á ti ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde,
adìyẹ aládùúgbò á máa mu ún.

Nítorí náà, nígbà tí Ìbídùn pè
tó ní, "Bàbá, yìnyín ibí kì í yọ́,"
mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó bá mi wá ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.
Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní àwọn mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun kan
tí kò gùn tó bọ́ọ̀sì Ìsánlú,
ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá, níhà gúúsù.
Ó ní òkìtì yìnyín kan kọjá lára àwọn láàárọ̀,
ó ga bí àpáta Ògìdì,
àwọ̀ rẹ̀ bí aró tí a ti fi omi ṣàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó ń lọ, kò sí ẹni tó ń tì í.
Ó ní ilẹ̀ kì í ṣú. Oòrùn ń rìn yí etí ọ̀run ká
bí aláìsàn tí kò rí oorun sùn.

Ta ló kọ́ ọ? Èmi kọ́.
Odò Kámpè ni omi tó tóbi jù tí mo fẹsẹ̀ tẹ̀ rí,
ní Èjìbà, níbi tí wọ́n ti sé e.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, iwájú ọkọ̀ apẹja ló jókòó sí.
Ó fa ìborùn ìyá rẹ̀ yọ, ó nà án fún afẹ́fẹ́,
ọkọ̀ sì yí imú padà díẹ̀.
Díẹ̀ náà ni. Mo pariwo mọ́ ọn.
Ìyá rẹ̀, kó sùn re, ní: "Fi í lẹ̀, jẹ́ kó rí i."

Àwa tí a ń kí ara wa ní "Okun o"
láàárọ̀, lọ́sàn-án, lójú ọ̀nà oko,
a ò rí òkun rí.
Bóyá ọmọ mi nìkan ló gbọ́ ìkíni náà ní àgbọ́yé.
Bóyá àṣìgbọ́ ni.

Lánàá kò pè.
Lónìí kò pè.
Mo gun òkè lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọyẹ́ ti gbé gbogbo ìlú mì,
mi ò rí ju òrùlé méjì lọ.
Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí fírísà kejì,
mo ki ọwọ́ bọ inú yìnyín títí dé ìgbọ̀nwọ́, mo ń kà.
Nígbà tí mo ka ọgọ́rùn-ún, mi ò mọ ìka mi mọ́.
Ṣé irú ìka yìí ló fi ń so okùn ìgbòkun,
tó fi ń tú u, tó tún fi ń so ó?
Oníbàárà kan wọlé, ó ní kí ni mò ń wá níbẹ̀.
Mo ní owó mi ló jábọ́ sínú rẹ̀.

Ìdájí ni fóònù tó ké.
Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ pẹ́,
lẹ́yìn náà nǹkan kan ń ha ara ọkọ̀ níta
bí eku tó ń wá ọ̀nà wọ àká.
"Yìnyín ni, Bàbá. Kékeré ni. Ó ń kọjá."
Mo fẹ́ sọ pé máa bọ̀ nílé.
Mo fẹ́ bi í bóyá oúnjẹ ṣì kù.
Ẹnu mi kò rí nǹkan gbé jáde
ju ohun tí à ń sọ fún ẹni tó ń kọ ebè tí a bá kọjá:
"Okun o, Ìbídùn."
Ó dákẹ́. Yìnyín ń ha.
"Okun o, Bàbá."

Iná ọba ti lọ. Mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú fírísà.
Mi ò dìde.